Ìwé Gbèsè

Nígbà tí lẹ́tà yunifásítì dé,
ẹ̀gbọ́n bàbá mi ka orúkọ ẹ̀kọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì,
ó bọ́ awò ojú:
"Ìdílé, oúnjẹ, àti oníbàárà.
Ọbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kọ́ ẹ sè ní Ifẹ̀ fọ́dún mẹ́rin?
Ìyá ẹ ò ní omorógùn nílé ni?"
Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.
Mo wọkọ̀ ní Èrèjà, mo gbé ẹrù mi lé itan.

Ifẹ̀ ò kọ́ mi lọ́bẹ̀ púpọ̀.
Wọ́n kọ́ mi láti wo ìdí agolo wàrà
kí n mọ ọjọ́ tí yóò bàjẹ́,
láti bi obìnrin kan ní Lágere pé
kí lo jẹ láná, láti òwúrọ̀ títí dalẹ́,
kí n sì mọ ìgbà tí ìtìjú ń bá a fèsì.
"Ẹran wà níbẹ̀," ló wí. Ó wo ilẹ̀.
Mo kọ ẹran sílẹ̀.

Lọ́dún kẹta, Dókítà Ojútaláyọ̀ ní
kí kálukú lọ bá àgbà kan nílé rẹ̀,
kó ṣírò owó tó wọlé, èyí tó jáde,
àti iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò sanwó rẹ̀.
Mo padà sí Iléṣà lọ́jọ́ Ẹtì.

Bàbá àgbà mi, Famúyìwá, òṣómàáló ni.
Aṣọ ló ń tà láwìn, láti Ìkàrẹ́ dé Kàbà.
Bí oṣù bá pé tí o ò sanwó,
yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ,
ìdí rẹ̀ ò ní kan àpótí
títí kọ́bọ̀ ìkẹyìn yóò fi jáde.
Ìwé gbèsè rẹ̀ ṣì wà,
kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀,
yíǹkì rẹ̀ ti dà bí irin tó dógùn-ún.
"Ìyàwó Alágbẹ̀dẹ, ọ̀pá mẹ́fà, ṣílè mẹ́rin ló kù."
"Ọmọ Ẹlẹ́mu. Ó bẹ̀bẹ̀, mo kọ̀."
Gbogbo ayé ló kọ síbẹ̀.
Mo wá orúkọ ìyàwó rẹ̀. Kò sí.

Ìyá àgbà ń bó ẹ̀wà.
"Ìyá, iṣẹ́ wo lẹ ṣe nígbà tí bàbá wà lájò?"
"Iṣẹ́ kẹ̀? Ilé ni mo wà."
Bíìrò mi dúró.
Ta ló ń pọn omi?
"Èmi ni. Odò jìn nígbà yẹn."
Ta ló ń ṣẹ́ etí aṣọ kó tó di ẹrù ọjà?
"Èmi ni. Lálẹ́, táwọn bàbá yín bá ti sùn."
Ta ló tọ́jú ìyá ọkọ
tó fi ọdún mẹ́ta sùn sójú kan?
Kò dáhùn. Ó da èèpo ẹ̀wà nù.

Mo ṣírò. Wákàtí mẹ́rìndínlógún lóòjọ́,
ọdún mọ́kànlélógójì.
Iye náà ò gba inú àyè tó wà nínú fọ́ọ̀mù,
ẹ̀gbẹ́ ìwé ni mo kọ ọ́ gbà.
Mo kà á sí i létí.
Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní,
"Ó dáa. Ta ni kí n lọ lóṣòó tì?
Ẹni tó jẹ gbèsè ọ̀hún ti sùn sẹ́yìnkùlé."
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀,
n ò mọ irú omi tí í ṣe,
fọ́ọ̀mù ò béèrè.

Lọ́jọ́ Àìkú, kí n tó wọkọ̀,
mo ṣí ojú ewé ìkẹyìn ìwé gbèsè náà,
mo fi bíìrò búlúù kọ:
Ìbírónkẹ́. Kò tíì gbà.
Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yọjú lẹ́nu ọ̀nà,
ó ń fi igi tayín.
"O ò tíì mọ ọbẹ̀ ọ̀hún sè síbẹ̀?"
Mo ní rárá.
Mo lóṣòó síwájú rẹ̀, n ò jókòó:
"Ẹ̀yin ńkọ́, sà, kí lẹ jẹ láná?
Ta ló sè é?"